Wàrà Àkọ́fún

Ọwọ́ méjèèjì ni Hàwáù fi bo ẹnu igbá náà, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú ọmọ ìkókó.

"Kì í ṣe èyí, Ìyá Rẹ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe èyí."

Ifáníkẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Èéfín iná tí wọ́n fi ń lé eṣinṣin kúrò lára màlúù ṣì ń rìn nílẹ̀ láàárín àwọn ahéré gáà Fúlàní náà. Kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá láti ilé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wàrà tútù tí Hàwáù dà sínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí le. Àwọn màlúù ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ohun tí wọn yóò fi ẹnu kàn, èyí tí wọ́n sì ń gbé bọ̀ nínú ọmú kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ọmọ wọn yóò mu lọ. Hàwáù ti ṣàlàyé gbogbo èyí, Ifáníkẹ́ sì ti gbà á. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára igbá tó wà lórí ẹní yẹn. Wàrà inú rẹ̀ nípọn, ó sì pọ́n bí inú ẹyin.

Abo màlúù pupa kan, ọ̀dọ́ tí kò bímọ rí, ló bí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó bí i nírọ̀rùn, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè dìde. Ó gbìyànjú títí, orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sì lè nàró dé ibi ọmú ìyá rẹ̀. Abdulkabir, ọkọ Hàwáù, ló wá fún ọmú ìyá náà díẹ̀díẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ìyàwó tó bínú, títí ó fi rí ìwọ̀nba tó wà nínú igbá náà. Hàwáù ń ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń fi í sí ọmọ màlúù lẹ́nu kó máa fà á mu. Wàrà àkọ́fún ni. Kò gbọdọ̀ rí iná. Kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú gáà, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀, títí ìwọ́ ọmọ màlúù náà yóò fi já. Bó bá rí iná, ọmú ìyá á gbẹ. Bó bá kan ilẹ̀, ọmọ á tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé Ifáníkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí Hàwáù ti sọ ọ́ fún un, lọ́dún tí Hàwáù bí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kẹ́yìn, tí ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní ìrìn àjò, tí kò sì sí obìnrin kankan nítòsí tí yóò bá a gbé omi kaná. Ifáníkẹ́ ló ń wá láti Ìdí-Arère, abúlé tí kò jìnnà sí gáà náà, tó ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Nígbà náà ni Hàwáù ń sọ oríṣiríṣi nǹkan fún un, tí yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ojú ń tì díẹ̀: pé àwọn kì í ka màlúù lójú gbogbo èèyàn, pé obìnrin kì í fi ìbínú gbé igbá wàrà, pé ọmọ màlúù àti ọmọ èèyàn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá sáyé. Hàwáù gbọ́ Yorùbá dáadáa, torí Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà náà, Hàwáù kì í ta wàrà fún ẹlòmíràn, Ifáníkẹ́ náà kì í sì í rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òun ló ń sè é, tó ń mú un dì, tó ń gbé e lọ sí Abẹ́òkúta lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Òkè-Ìlèwó.

Ṣùgbọ́n òní kì í ṣe ọjọ́ tí wàrà lè dín. Mọ́mì Beatrice, ìyá ìjọ kan ní Aké, ní àlejò lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú àlejò náà, Ọ̀gbẹ́ni Timothy, lẹ́nu ọ̀rọ̀ dáadáa ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ọmọ Ifáníkẹ́, ti ń wá ọ̀nà àtiwọ̀ láti èṣí. Mọ́mì Beatrice ti sọ ọ́ lórí fóònù pé kó gbé wàrà tó pọ̀ wá, wàrà gidi, kì í ṣe olómi. Òun á mọ bí òun ṣe máa mú ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọlé nígbà tí ẹnu bá ń jẹ. Ọ̀ṣunrẹ̀mí kò sùn dáadáa láti ìgbà tó ti gbọ́.

"Ṣé díẹ̀ kò lè yọ níbẹ̀ ni?" Ifáníkẹ́ bi í.

Hàwáù mi orí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò.

Ìgbà náà ni Abdulkabir pè é láti ibi tí wọ́n so ìyá màlúù mọ́. Ọmọ náà ti gbé orí sókè. Hàwáù fò dìde. Ó mú ọmọrí tí wọ́n fi koríko hun, ó fi dé igbá náà, ó tẹ̀ ẹ́ kó le, ó sì sáré jáde.

Ifáníkẹ́ nìkan ló kù nínú ahéré. Lẹ́yìn náà, bó ti wù kó rò ó tó, kò lè sọ ìgbà tó pinnu. Ohun tó rántí ni pé kẹ́ẹ̀gì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó ti ṣí ọmọrí náà, pé wàrà náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, tó fi dà bíi pé kò fẹ́ kúrò nínú igbá. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ibẹ̀ ni ì bá dúró sí. Bó bá jẹ́ pé ó dúró síbẹ̀ ni, ìwọ̀nba tó kù lè tó ọmọ màlúù náà di ọ̀sán, wọ́n á sì mọ̀ pé èèyàn ló mú un. Ohun tí kò fẹ́ gan-an nìyẹn, kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ni. Ewúrẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ okùn ẹní. Ifáníkẹ́ gbé igbá náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ju ọmọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, èyí tó kù ṣàn lórí ẹní, ó sì dé ilẹ̀. Ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè kí ewúrẹ́ lè wọlé.

Níta, ó dágbére láti òkèèrè. Hàwáù kò yíjú. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, orí ọmọ màlúù náà wà lórí itan rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ bá mi kí Rẹ̀mí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà tà."

Nílé, ó gbé ìkòkò ka iná lẹ́yìnkùlé. Ó gún ewé bomubomu, ó fún omi rẹ̀ sínú abọ́. Lójoojúmọ́, omi ewé yẹn ló ń mú wàrà dì, sùúrù sì ni èèyàn á fi dúró tì í kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara jọ. Lónìí ìkòkò kò tíì hó tí wàrà ti ń dì fúnra rẹ̀. Ó ń gbá jọ, ó ń le, bí ohun tó ń kánjú. Ifáníkẹ́ dúró tì í pẹ̀lú omi ewé lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Níkẹyìn ó dà á sí i, torí pé bí òun ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Fáyọmí ọkọ rẹ̀ ti oko dé bá a níbẹ̀. Ó kí i kú iná, ó wo inú ìkòkò, ó ní wàrà tòní mà pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ifáníkẹ́ ní Hàwáù ló ṣe dáadáa fún òun. Fáyọmí ní ìdí abájọ nìyẹn, inú wọn ń dùn ni. Òun pàdé Abdulkabir lọ́nà odò lánàá, ó sọ fún òun pé abo pupa yẹn ń rọbí. Ó wọlé, ó sì mú iyọ̀ tó dì nínú ewé jáde, iyọ̀ olókùúta tí màlúù ń lá. Ó ní kí Ifáníkẹ́ fi sínú báàgì rẹ̀, bó bá ń ti ìlú bọ̀, kó yà ní gáà, kó bá òun kí ìyá ọmọ.

"Màlúù ni ẹ ń pè ní ìyá ọmọ?" Ifáníkẹ́ bi í, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kò bímọ ni?" Fáyọmí dáhùn, ó sì lọ fọ ẹsẹ̀.

Ifáníkẹ́ já sí iwájú ilé Mọ́mì Beatrice ní Aké nígbà tí oòrùn ti mú. Ilé àtijọ́ ni, alágbàlá, tí bàbá ọkọ Mọ́mì fi òkúta kọ́, tí wọ́n sì ti fi táìlì lé ara rẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Níkẹ̀ẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gé orúkọ náà lójú ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé wàrà wá, nígbà tí Mọ́mì bi í léèrè, tó sì rí àwòrán Jésù lórí ògiri àti ìwé orin tó wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó ní kó gé e. Bàbá tirẹ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ Ifá gan-an kì bá bínú, àmọ́ ì bá wò ó lójú.

Wọ́n gbé wàrà náà sínú àwo tánganran. Mọ́mì Beatrice ní kí Níkẹ̀ẹ́ má lọ, kó jókòó sí páálọ̀, òun fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Timothy rí i. Ó jókòó létí àga, kúlà tó fi gbé wàrà wá sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Timothy, wọ́n wọ aṣọ tó dára tí kò sì pariwo. Wọ́n jẹ wàrà náà. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì tún mú. Ọ̀gbẹ́ni Timothy ní láti ìgbà tí òun ti ń jẹ wàrà, òun kò jẹ irú èyí rí. Ó wọnú, ó ṣe rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ lẹ́nu. Ó béèrè ohun tó fi sí i. Ifáníkẹ́ ní kò sí nǹkan kan. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní ni òun ti ń mú un wá.

Obìnrin kan nínú wọn ní ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń bá màlúù wọn sọ̀rọ̀. Mọ́mì Beatrice ní Níkẹ̀ẹ́ á mọ̀, ó súnmọ́ wọn dáadáa. Kó sọ fún àwọn.

Wọ́n ń wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Timothy pàápàá gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò sí ìgbà kankan nínú ilé yẹn tí wọ́n ti dákẹ́ kí Ifáníkẹ́ lè sọ̀rọ̀ rí.

Ó sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ sọ ti màlúù tí wọn kì í kà. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sọ ti ìyàwó tí kò gbọdọ̀ fi ìbínú gbé igbá. Nígbà tí wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kúlà rẹ̀, ó ro ojú, ó sì yí ohùn rẹ̀ padà di ohùn Hàwáù, tó ń fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí Hàwáù ṣe máa ń fà á: "Kì í ṣe èyí, Ìyá Rẹ̀mí. Kò gbọdọ̀ rí iná o." Ó ṣe é dáadáa. Ó bá ohùn náà mu débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Mọ́mì Beatrice ń fi etí gèlè nu omi ojú. Ifáníkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ló sì le jù.

"Kí ló wá yàtọ̀ sí tàwọn ará oko tiwa?" Ọ̀gbẹ́ni Timothy wí. "Àwọn tí iṣu titun kò ní wọ ẹnu wọn, àfi bí irin tí wọ́n gbé ti ògiri bá kọ́kọ́ jẹ tiẹ̀."

Ẹ̀rín náà tún bú. Ti Ifáníkẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ láti èyí tó ṣáájú. Kò ráyè gbé e mì. Ó ń jáde lọ bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, kò sì lè dá a dúró.

Irin náà ni ọ̀pá Òrìṣà Oko. Ó wà ní yàrá Fáyọmí, ó wọ aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá Fáyọmí sín, Ifáníkẹ́ ló sì ń gbálẹ̀ iwájú rẹ̀. Lọ́dún tó kọ́kọ́ délé ọkọ, ó lóyún Ọ̀ṣunrẹ̀mí, ebi ń pa á bí ebi aboyún ṣe ń pani, iṣu titun sì ti wà nínú àká. Ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti orí ẹní. Gbogbo ilé dúró de òrìṣà, òun náà dúró. Kò béèrè ìdí. Kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀ pé ohun tí èèyàn ń béèrè ìdí rẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Mọ́mì Beatrice mú ọ̀rọ̀ ọmọ náà wá bó ṣe ṣèlérí. Kò gba àkókò kankan. Ọ̀gbẹ́ni Timothy ní kí ọmọ náà kó ìwé rẹ̀ wá sọ́fíìsì òun ní Mọ́ńdè, òun á rí sí i. Ó fa bírò yọ, ó béèrè orúkọ rẹ̀.

"Rẹ̀mí," Ifáníkẹ́ wí.

"Rẹ̀mí kí ni?"

Àwòrán tó wà lórí ògiri, gèlè Mọ́mì, àwo wàrà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gbogbo rẹ̀ ló ń wò ó.

"Rẹ̀mílẹ́kún."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ifáníkẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, ó sì mọ̀ pé Ọ̀ṣunrẹ̀mí ló wà lórí gbogbo ìwé tí ọmọ náà ní. Mọ́mì Beatrice sìn ín dé ẹnu géètì. Inú Mọ́mì dùn. Ó ní irú wàrà yẹn gan-an ni òun ń fẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, kó sọ fún Fúlàní rẹ̀. Ifáníkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Nínú mọ́tò tó wọ̀ láti ibùdókọ̀ Kámpù, ó gbé kúlà òfìfo lé orí itan. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó gbìyànjú láti fi ojú inú rí Ọ̀ṣunrẹ̀mí nínú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rí ni ara rẹ̀, tó fi ọwọ́ bo kúlà, tó ro ojú. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kò sùn. Ó ń wo igbó gbígbẹ tó ń sá lọ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ronú pé bóyá ọmọ màlúù náà ti dìde, bóyá ìyá rẹ̀ ti ní wàrà sí i, bóyá ọ̀rọ̀ náà ti parí láàárọ̀ yẹn náà, tí wọ́n lé ewúrẹ́, tí wọ́n gbálẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjú sí ilé. Iyọ̀ Fáyọmí ló dá a dúró. Fáyọmí á béèrè ohun tí wọ́n wí, kò sì sí irọ́ mìíràn tó kù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó gbọ́ igbe ìyá màlúù kó tó dé gáà. Kì í ṣe igbe tí màlúù ń ké bí ebi bá ń pa á. Ó ń ké, ó ń dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì, ó sì tún ń ké.

Abdulkabir pàdé rẹ̀ lábẹ́ igi kajú. Ọmọ màlúù náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti da aṣọ bò ó. Ó kí Ifáníkẹ́ kú àbọ̀ ìlú, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìgbé ohùn sókè. Ó ní ewúrẹ́ wọ ahéré láàárọ̀, ó da àkọ́fún nù. Wọ́n padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti tún fún ọmú rẹ̀, ó ta wọ́n nípàá, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ra mílíìkì agolo, wọ́n pò ó, ọmọ náà kò gbé e mì. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí ni ó lọ. Ó ní Hàwáù kọ́kọ́ ń sọ pé òun dé igbá náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í títí, ó ní bóyá òun gbàgbé. Ó ní òun sáré ni. Ó ní bóyá òun kò dé e.

Níwájú ahéré, Hàwáù kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo ohun èlò wàrà rẹ̀ ló kó kalẹ̀, igbá ńlá àti kékeré, ṣíbí onígi, igi tó fi ń lu wàrà. Ìyá arúgbó náà ń gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀. Kò bá a wí. Ìyàwó àbúrò Abdulkabir ni yóò máa gbé igbá báyìí, títí màlúù mìíràn yóò fi bí nígbà òjò. Títí di ìgbà náà, Hàwáù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wàrà, kò sì gbọdọ̀ tà á. Abdulkabir ló ń ṣàlàyé èyí, ó sì fi kún un pé kí Ìyá Rẹ̀mí má bínú, àwọn á wá bí wọn á ṣe máa fún un ní tirẹ̀.

Ifáníkẹ́ kò mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó mú iyọ̀ jáde nínú báàgì. Ó ní Bàbá Rẹ̀mí ló fi ránṣẹ́ kí wọ́n kú ọmọ, àwọn kò mọ̀ pé báyìí ni. Ìyá arúgbó náà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó gbé e kan iwájú orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà lédè rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Abdulkabir ní ìyá òun ń sọ pé ọmọ ìyá ni Ìyá Rẹ̀mí jẹ́ sí àwọn. Pé ẹni tó wẹ ọmọ èèyàn, tó tún rántí ọmọ màlúù, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó rí ohun tí yóò bà á lójú jẹ́ nínú ọmọ tirẹ̀.

"Kì í ṣe ewúrẹ́," Ifáníkẹ́ wí.

Abdulkabir yíjú sí i.

"Èmi ni. Èmi ni mo da wàrà náà sínú kẹ́ẹ̀gì mi. Mo gbé igbá náà dùbúlẹ̀ kí ẹ lè rò pé ewúrẹ́ ni."

Ó gba Abdulkabir ní àkókò kó tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ìyá arúgbó béèrè bóyá ó rí iná. Ifáníkẹ́ ní ó rí iná. Ó béèrè bóyá ó jáde kúrò nínú gáà. Ifáníkẹ́ ní òun gbé e dé Aké. Ó ń retí kí wọ́n pariwo lé òun lórí, kí Abdulkabir lé òun jáde, bóyá kí wọ́n na òun pàápàá. Ì bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó gbé iyọ̀ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò jù ú. Ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá nǹkan oníǹkan padà, ó sì fi ìborí rẹ̀ bo ojú.

Ifáníkẹ́ tọ́ka sí àwọn igbá náà. Ó ní kí wọ́n dá wọn padà fún Hàwáù, kò mọwọ́-mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Abdulkabir kò gbé ojú sókè. Ó ní igbá kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n fi lé lọ́wọ́ ni yóò gbé e kalẹ̀.

Hàwáù ti dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, inú àti ẹ̀yìn rẹ̀, bíi pé ó ti ń wá a láti àárọ̀.

"Mo dé e," ó wí. "Mo mọ̀ pé mo dé e."

"O dé e. Ìṣojú mi ni o ti dé e, o sì tẹ̀ ẹ́."

Hàwáù mi orí díẹ̀díẹ̀. Ìyá màlúù tún ké, ó dákẹ́, ó ń retí. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, òjìji igi kajú sì ti gùn dé ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí Hàwáù sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí ẹ̀gàn. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, torí pé òun, ìyá rẹ̀, àti ìyá tó bí ìyá rẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n rí.

"Ṣé ó dùn?"

Ifáníkẹ́ la ẹnu láti dáhùn. Ó wá ìdáhùn náà lórí ahọ́n rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń se wàrà, kò sí èyí tó kúrò lórí iná tí òun kì í bu etí rẹ̀ jẹ kó lè mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Ó rántí ìkòkò àárọ̀, àti asẹ́, àti ìgbà tó ń tò ó sínú kúlà. Ó rántí pé Mọ́mì Beatrice ti àwo sọ́dọ̀ rẹ̀ ní páálọ̀, pé òun ní òun ti yó, tó sì jẹ́ pé láti àná ni òun ti jẹun kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un nílé pé kó má fi kan ẹnu. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

"Mi ò tọ́ ọ wò," ó dáhùn, ó sì gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ wí.